Bí ẹ ṣe lè pàgọ́ sùn mọ́jú tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò gba Faransé kọjá

Tí ìsinmi iléèwé bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mi ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ wa mọ́tò láti London lọ sí apá ìsàlẹ̀ Faransé, ọ̀nà yẹn jìn ju ọjọ́ kan lọ, hòtẹ́ẹ̀lì fún èèyàn márùn-ún sì ti wọ́n jù, ṣé a lè pàgọ́ sùn lọ́nà kílẹ̀ tó mọ́?" Ẹ lè ṣe é dáadáa. Àgọ́ ò le pa, aago ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá dé kámpù, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń gbowó kéèyàn tó pàgọ́, ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ á jẹun, á wẹ̀, á sùn. Ẹni tó bá dé ní aago 10 ààbọ̀ alẹ́, géètì ti tì, inú mọ́tò ló máa sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ìwé àti ẹrù: ẹ parí eléyìí nílé

Páásípọ́ọ̀tù la ó kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti máa ń há jù. Tó bá jẹ́ ti Britain lẹ ní, ẹ ò nílò físà fún irú ìrìn àjò yìí, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni wọ́n fún yín. Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, físà Schengen (èyí tí Faransé àtàwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíì jọ ń lò) pọn dandan, ìwé ìgbélùú Britain yín ò lè dípò ẹ̀, kódà kó jẹ́ èyí tó ní kẹ́ ẹ máa gbébẹ̀ títí láé. Tí bàbá bá ní ti Britain tí ìyá sì ní ti Nàìjíríà, ìyá máa lọ gba físà tiẹ̀, kò sí pé "ọkọ mi ló ń wa mọ́tò". Wọ́n máa ń béèrè ibi tẹ́ ẹ máa sùn tẹ́ ẹ bá ń gba físà yẹn, torí náà ẹ tẹ ìwé tí kámpù fi ránṣẹ́ sí yín jáde sórí pépà, ẹ má fi í sórí fóònù nìkan.

Fún mọ́tò:

- láísẹ́ǹsì, ìwé mọ́tò (V5C), ìwé ìnṣọ́ránsì
- sítíkà UK lẹ́yìn mọ́tò, àyàfi tí nọ́ńbà yín bá ti ní UK lára
- ẹ̀wù tó ń kọ mànà tíná bá tàn sí i, kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, kó má ṣe wà nínú búùtù lábẹ́ ẹrù. Ẹ ra ti gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò
- àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé sílẹ̀ tí mọ́tò bá bà jẹ́
- sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iná iwájú kó má bàa máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wa ọkọ̀ lọ́hùn-ún

Oúnjẹ ńkọ́? Láti ìgbà tí Britain ti kúrò nínú EU, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọ Faransé láti Britain, bó ti wù kó kéré mọ. Kúlà tó kún fún ọbẹ̀ ẹran, mọ́ínmọ́ín tó ní kọ́ọ̀nbíìfù nínú, sáńwíìsì tó ní ṣíìsì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n lè gbà dànù. Ata tútù, tòmátì tútù àti iṣu náà ò gbọ́dọ̀ wọlé láìní ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé màá din ata gbẹ dáadáa láìsí ẹran nínú ẹ̀, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá kó ìrẹsì àti gàárì dání, tí mo bá wá dé Faransé màá ra adìyẹ yíyan gbígbóná ní súpámákẹ́ẹ̀tì, "poulet rôti" ni wọ́n ń pè é, màá ya á sínú ata yẹn lórí sítóòfù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ máa gbé ìkòkò ńlá kiri nítorí alẹ́ kan.

Níbo lẹ máa dúró sí?

Calais lọ̀pọ̀ wa máa ń gbà wọlé, bóyá ọkọ̀ ojú omi láti Dover ni o tàbí rélùwéè abẹ́ òkun láti Folkestone tó ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Láti ibẹ̀, márosẹ̀ A26 máa gbé yín gba Reims dé Troyes, ẹ wá bọ́ sí A5 àti A31 títí dé Beaune, A6 ló kù tó lọ sí Mâcon àti Lyon. Ọ̀nà yìí ò wọ Paris rárá, ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, torí kí ni èèyàn fẹ́ fi mọ́tò tó kún fún ẹrù ṣe nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Paris?

Láti Calais, ó tó:

- kìlómítà 275 dé Reims
- kìlómítà 400 dé Troyes
- kìlómítà 590 dé Beaune
- kìlómítà 670 dé Mâcon

Bẹ́ ẹ ṣe máa yan ibi tẹ́ ẹ máa sùn nìyí:

1. Ẹ fi 90 pín kìlómítà yẹn, wákàtí tẹ́ ẹ máa lò gan-an nìyẹn. Lóòótọ́ 130 ni wọ́n fàyè gbà lórí márosẹ̀ (110 tí òjò bá ń rọ̀), ṣùgbọ́n ọmọ máa tọ̀, ẹ máa ra epo, ẹ máa jẹun, ẹ ò lè sá àròpọ̀ yẹn.
2. Ẹ fi wákàtí kan kún aago yín, torí Faransé fi wákàtí kan ṣáájú Britain. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé eléyìí tí wọ́n á wá máa sáré.
3. Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ máa wà ní aago 5 sí aago 6. Tẹ́ ẹ bá já sí Calais ní aago 11 àárọ̀ tibẹ̀, Troyes máa jẹ́ bíi aago 4 fún yín, Beaune á jẹ́ bíi aago 6. Mâcon ti jìn jù nìyẹn, àyàfi tẹ́ ẹ bá jí gbéra ní òru.
4. Ẹ wá kámpù tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tẹ́ ẹ máa ti bọ́ sílẹ̀ lórí márosẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo máàpù dáadáa, tó bá fara kan márosẹ̀ náà pẹ́kípẹ́kí, tírélà lẹ máa gbọ́ mọ́jú.
5. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣí. Púpọ̀ nínú wọn máa ń tì láti ìgbẹ̀yìn September tàbí October títí di April.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, "camping municipal" ni kẹ́ ẹ máa wá, ìyẹn èyí tó jẹ́ ti ìjọba ìlú. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ, igi díẹ̀, omi gbígbóná, owó ẹ̀ kì í ga, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ sun alẹ́ kan péré. Àwọn kámpù ńlá onírááwọ̀ mẹ́rin àti márùn-ún tó ní odò ìwẹ̀ àti ohun ìyọ̀tẹ́rẹ́ fún ọmọdé, ní July àti August, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Saturday sí Saturday, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fẹ́ tà. Ẹ má sì sanwó odò ìwẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní ráyè wọ̀.

Àwọn tó wà lójú ọ̀nà tí mo sọ yìí: kámpù Troyes wà ní Pont-Sainte-Marie lẹ́bàá ìlú, Beaune ní Les Cent Vignes téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé àárín ìlú láti ibẹ̀, Mâcon ní tiẹ̀ lápá àríwá. Tó bá jẹ́ pé alẹ́ lẹ máa dé Calais, ẹ má wa ọ̀nà rárá, kámpù La Bien Assise wà ní Guînes níbẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn máa ń kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ búùkù ṣáájú.

Kí n tó gbàgbé, ìjọba wọn ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bison Futé, ó máa ń fi àwọ̀ sọ bí ọ̀nà ṣe máa rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé, ọsàn, pupa, dúdú. Dúdú ni kẹ́ ẹ sá fún, àwọn Saturday ìparí July àti inú August ló sì máa ń bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá lè gbéra ní Tuesday tàbí Wednesday, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà

1. Epo. "Gazole" ni díísù (diesel). Mo tún un sọ, gazole ni díísù! Ẹni tó bá rí "gaz" lára ẹ̀ tó rò pé bẹntiróòlù ni, ẹńjìnnì ló máa fi gbọ́. Bẹntiróòlù ni "essence" tàbí "sans plomb", wọ́n máa kọ SP95-E10 tàbí SP98 sí i lára. Epo orí márosẹ̀ wọ́n, ti súpámákẹ́ẹ̀tì bíi Leclerc, Carrefour tàbí Intermarché ló rọjú, torí náà ẹ ra á nígbà tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ lọ sí kámpù.
2. Tóògéètì. Ẹ máa mú tíkẹ́ẹ̀tì níbi tẹ́ ẹ ti wọlé, ẹ máa sanwó níbi tẹ́ ẹ ti jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò gbọ́dọ̀ sọnù, tó bá sọnù owó ọ̀nà tó gùn jù ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni síárìn mọ́tò Britain wà, ẹni tó jókòó lápá òsì ló máa na ọwọ́, ẹ má fi ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ẹ má wọ ibi tí wọ́n kọ "t" ọlọ́sàn nìkan sí, ti àwọn tó ní ẹ̀rọ ìsanwó lára gíláàsì mọ́tò nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba Normandie, kò sí géètì mọ́ lórí A13 àti A14, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà mọ́tò, ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín lọ sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 72, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáìnì ń bọ̀.
3. Oúnjẹ alẹ́. Ẹ rà á kẹ́ ẹ tó dé kámpù. Tó bá jẹ́ Sunday, ẹ rà á láàárọ̀, torí ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì wọn máa ń tì lọ́sàn-án Sunday.
4. Ẹ pè wọ́n tẹ́ ẹ bá máa pẹ́. Wọ́n lè fi ààyè yín fún ẹlòmíì. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, wọ́n á sọ ibi tẹ́ ẹ máa pàgọ́ sí àti nọ́ńbà géètì.

Ẹ má gbé fóònù dání tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, ẹ má sì fi íafóònù sétí, òfin kọ méjèèjì. Ọmọ tí kò tíì pé 10 ọdún, ẹ̀yìn mọ́tò ni kó jókòó. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ìlú kékeré, ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, òun ló lọ̀nà níbi tí kò bá ti sí àmì kankan, ó sì máa já jáde bí ẹni pé kò rí yín.

Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu géètì

"Accueil" ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn o! "Bonjour" láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, "bonsoir" tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Àwọn èèyàn yẹn dà bíi tiwa níbi ìkíni, ẹni tó bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ láìkí wọn, ojú ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni wọ́n á fi wò ó.

Ẹ lè sọ pé: "Bonjour, vous avez un emplacement pour une nuit? Deux adultes, deux enfants, une tente, une voiture." Ìyẹn ni pé ẹ ń béèrè ààyè fún alẹ́ kan, àgbà méjì, ọmọ méjì, àgọ́ kan, mọ́tò kan. Tẹ́ ẹ bá rí "complet" lẹ́nu géètì, ó ti kún nìyẹn.

Lẹ́yìn náà:

1. Wọ́n máa béèrè páásípọ́ọ̀tù, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù kan fún ọlọ́pàá, gbogbo àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ló ń kọ ọ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe fótókọ́pì páásípọ́ọ̀tù, kí wọ́n dá a padà.
2. Ẹ sọ bóyá ẹ fẹ́ iná, "électricité", torí owó ọ̀tọ̀ ló ní. Fún alẹ́ kan, èmi kì í gbà á, páwábáǹkì àti tọ́ọ̀ṣì ti tó.
3. "Taxe de séjour" tẹ́ ẹ máa rí lórí rìsíìtì, owó orí àlejò ni, àgbà nìkan ló ń san án.
4. Ẹ sanwó lálẹ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ó di àárọ̀, ẹ máa dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣí, èyí tó lè jẹ́ aago 9.
5. Ẹ béèrè aago tí géètì ń tì àti aago tó ń ṣí. 10 alẹ́ sí 7 àárọ̀ ló wọ́pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra ní aago 5, ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gbé mọ́tò síta géètì.
6. Ẹ béèrè búrẹ́dì. Ọ̀pọ̀ kámpù máa ń gba orúkọ lálẹ́, wọ́n á wá gbé baguette àti croissant gbígbóná dé láàárọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ti sọ lálẹ́, ẹ ò ní rí.

Tẹ́ ẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì láàárín aago 12 sí aago 2 ọ̀sán, wọ́n lọ jẹun ni. Ẹ jókòó, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kànlẹ̀kùn tó.

Pípa àgọ́, iná, oúnjẹ

Ẹ ti gbọ́dọ̀ pa àgọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan rí nílé, nínú gáádìnì tàbí páàkì, kẹ́ ẹ mọ òpó tó ń lọ síbo. Àgọ́ tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ tú ní ìrọ̀lẹ́ tó ti rẹ gbogbo èèyàn, ìjà tọkọtaya ló ń dá sílẹ̀.

1. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan. Ẹ má pa á sínú kòtò tí omi òjò máa wọ́ sí, ẹ má sì pa á sábẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ.
2. Ẹ kọjú mọ́tò sí ọ̀nà àbájáde, àárọ̀ ló máa wúlò.
3. Ibi tí ẹ máa sùn nìkan ni kẹ́ ẹ pa. Tí àgọ́ yín bá ní pálọ̀ àti ìbòrí òòrùn, ẹ fi sínú búùtù.
4. Ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbẹ kó le bí òkúta lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, èèkàn pẹlẹbẹ tí wọ́n tà mọ́ àgọ́ máa ká. Ẹ ra èèkàn irin tó nípọn díẹ̀ pẹ̀lú hámà.
5. Ẹ tẹ́ ibùsùn kẹ́ ẹ tó jẹun, kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba iná, ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kámpù olórí búlúù lẹ nílò, àwọn kámpù mìíì sì ṣì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì Faransé lásán, torí náà ẹ mú àdápítà dání. Ẹ tú wáyà yẹn tán pátápátá, tó bá wà ní wíwé ó máa gbóná. Tí wọ́n bá sọ pé 6 ampere ni, kò ju nǹkan bíi 1,380 watt lọ. Kẹ́tùlù ilé yín tó ń jẹ 3,000 máa gbé iná yẹn lọ lójú ẹsẹ̀, ti aládùúgbò náà sì lè bá a lọ, ẹ wá máa wá ẹni tó máa tan án padà láàárín òru.

Sítóòfù gáàsì kékeré ló dáa jù fún oúnjẹ, ìta ni kẹ́ ẹ ti sè é, kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́ láéláé, kódà tí òjò bá ń rọ̀, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹ má gbé èédú jáde láìbéèrè, lápá gúúsù pàápàá, ewu iná igbó pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ti fòfin dè é. Ariwo náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tó bá ti di aago 10, tòun ti ìpè WhatsApp tí wọ́n gbé sí sípíkà, gbogbo kámpù ló ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn.

Ilé ìwẹ̀ àti tọ́ìlẹ́ẹ̀tì

Ẹ kó tíṣù tiyín dání. Tọ́ìlẹ́ẹ̀tì wọn lè mọ́ tónítóní kó má sì ní tíṣù kankan, ìjókòó ẹ̀ náà lè máà sí. Ṣáwà wọn, bọ́tìnnì kan ló wà lára ògiri, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, omi á sáré jáde, kẹ́ ẹ tó fọ orí tán ó ti dá, ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ti bọ́tìnnì yẹn, ọwọ́ méjèèjì á ráyè wẹ̀. Ní ibòmíì owó bàbà kan tí wọ́n ń pè ní "jeton" lẹ máa rà ní accueil kí omi tó gbóná, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó bọ́ṣọ.

- sìlípáàsì oní-rọ́bà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan
- báàgì tó ní ìkọ́, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù
- tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ odò ìwẹ̀: pátá ìwẹ̀ tó fún mọ́ra fún ọkùnrin, wọ́n máa ń lé ẹni tó bá wọ ṣòkòtò péńpé jáde

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Sísùn níbi ìsinmi orí márosẹ̀.* Kì í ṣe pé ẹ ò lè dúró sinmi nínú mọ́tò, ẹ lè dúró. Àgọ́ ni wọn ò gbà níbẹ̀. Àwọn olè sì mọ nọ́ńbà mọ́tò àlejò dáadáa, wọ́n á rí ẹrù, wọ́n á fọ́ gíláàsì. Tí oorun bá kọ lù yín, ẹ sun ogún ìṣẹ́jú níbi tí iná wà, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kẹ́ ẹ tẹ̀síwájú.

*Pípàgọ́ síbi tó bá wù yín.* Òfin kọ ọ́ létí òkun, láyìíká ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò, àti láàárín mítà 200 sí ibi tí wọ́n ti ń fa omi mímu. Oko olóko sì ni ibi tó kù, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè.

*Gbígbé àgọ́ lọ sí "aire de camping-car".* Ti mọ́tò onílé nìkan nìyẹn, ìyẹn mọ́tò tí wọ́n ṣe ibùsùn sínú ẹ̀, kò sí ibi téèyàn lè kan èèkàn mọ́. Ápù bíi Park4Night máa kó irú ibẹ̀ pọ̀ mọ́ kámpù gidi, ẹ ka àlàyé abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.

*Fífi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ nínú àgọ́.* Zíìpù kì í ṣe àgádágodo. Kó wà lára yín, kódà ní ilé ìwẹ̀.

Láàárọ̀

Ìrì máa ti rin àgọ́ yín gbingbin bí òjò ò bá tiẹ̀ rọ̀. Ẹ má dúró kó gbẹ. Ẹ fi aṣọ ìnura àtijọ́ nù ún, ẹ ká a sínú ike ńlá, ẹ tú u sóòrùn tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Tó bá fi pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ ní tútù nínú búùtù, ó máa bu.

1. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lọ gba búrẹ́dì, kí ẹnì kejì máa káṣọ.
2. Ẹ ka èèkàn, iye tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú báàgì mu.
3. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ bu omi mímu sínú ìgò.
4. Tẹ́ ẹ bá gba káàdì géètì, ẹ dá a padà kí wọ́n fún yín lówó ìdúró yín.

Tí gbogbo ibi bá kún ńkọ́?

Ẹ má rìn lọ síwájú lójú ọ̀nà kan náà, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kámpù tó tẹ̀ lé e náà ti kún. Ẹ yà kúrò ní márosẹ̀, ẹ wọ inú abúlé bíi kìlómítà 20 sí 30, ẹ máa wo pátákó tí wọ́n kọ "camping à la ferme" sí, àgbẹ̀ ló ni ín, àgọ́ mélòó kan ni wọ́n máa ń gbà, wọn ò sì pọ̀ lórí ápù. Ẹ tún lè bi accueil tó lé yín padà pé kí wọ́n bá yín pe ẹlòmíì, wọ́n mọ ara wọn. Bó bá ti kọjá aago 8 alẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì rí nǹkan kan, ẹ fi àgọ́ sílẹ̀, ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì pọ́ọ́kú bíi hotelF1 tàbí B&B Hotels létí ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà téèyàn lè fi káàdì sanwó sí kó fi wọlé láàárín òru, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye èèyàn tí yàrá kan gbà, márùn-ún kì í sábà wọnú ẹ̀, ó lè jẹ́ yàrá méjì lẹ máa san.